Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: ẹ wálé ní oṣù Kejì, ẹ wá bá wa ṣa agbálùmọ̀

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ láti oko strawberry ní Kent tẹ̀ wá lọ́wọ́. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ẹnu Kẹ́hìndé tó pupa fòò, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n kí ọ pé o kú iṣẹ́ ọmọ, pé ọmọ tí kò bá dé ìdí igi rí yóò máa rò pé inú ọ̀rá ni èso ti ń wá.

Inú mi dùn pé ẹ ti sọ ọ́ di àṣà, pé bí oṣù Kẹfà bá ti dé, ẹ ó gbé agbọ̀n, ẹ ó já èso, wọn ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó sanwó. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ọmọ yìí kò tíì ṣa tiwa rí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wálé, oṣù Kẹjọ ni. Kí ni wọ́n fẹ́ rí nígbà náà? Òjò, ẹrẹ̀, àti igi gíga tí kò ní nǹkan kan lórí. Bí ẹ bá sì wá ní Kérésì, èyí tó bá yọjú nígbà náà ṣì kan gan-an. Oṣù Kejì ni agbálùmọ̀ máa ń dùn.

O rántí bí a ti ń ṣe é. Nígbà tí Bàbá ń ṣán oko kòkó yẹn ní Ìdànrè, wọ́n dá igi agbálùmọ̀ sí kó lè máa ṣíji bo kòkó. A kì í gun ún, a kì í sì í fi ọ̀pá gbọ̀n ọ́n, torí èyí tí a bá fi ipá já, oje ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, ètè yóò sì lẹ̀ pọ̀. Èyí tó bá gbó dáadáa á já fúnra rẹ̀ lóru. Láti inú abà la ti ń gbọ́ ọ tó ń bọ́ lu ewé kòkó gbígbẹ. Ilẹ̀ kò tíì ní mọ́ tán tí Màmá á ti jí wa, kí ọ̀kẹ́rẹ́ má baà ṣáájú wa débẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣà jù. O máa ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí ewé nítorí àkekèé, ibi tí gbogbo wa ti kọjá lo sì ti máa ń rí mẹ́ta mẹ́rin. Èyí tó bá ti là, ibẹ̀ la ti ń jẹ ẹ́: a ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi rọ̀, a ó gé orí rẹ̀ jẹ, a ó fa omi rẹ̀ mu, a ó lá ara kóró tó ń yọ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà la ó wá jẹ èèpo rẹ̀ títí yóò fi di gọ́ọ̀mù. Odindi ń lọ sínú apẹ̀rẹ̀. Màmá kì í jẹ́ ká dà á sínú àpò, torí ooru á mú un, á sì tètè bàjẹ́.

Èyí tó bá sì bọ́ sójú ọ̀nà, Bàbá kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Ti èrò ọ̀nà ni. Mo fẹ́ kí àwọn ìbejì gbọ́ èyí níbẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì rí i.

Ìdí tí mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dún yìí nìyí. Kóró tí Bàbá gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lọ́dún tí o bí wọn ti so. Ìbejì ti pé ọdún 9, igi wọn náà sì so ní oṣù Kejì tó kọjá yìí, àkọ́so rẹ̀. Kò kún apẹ̀rẹ̀, kò sì tóbi, àmọ́ ó dùn ju ti igi àtijọ́ lọ. Màmá kò jẹ́ ká ta ẹyọ kan. Wọ́n pín in fún gbogbo ilé, wọ́n wá ya ti Táíwò àti Kẹ́hìndé sọ́tọ̀ sínú àwo lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní, “Màmá, wọn ò sí nílé o.” Wọn ò dá mi lóhùn. Àwo yẹn wà níbẹ̀ títí èèpo fi hunjọ, tí kòkòrò ń kùn lórí rẹ̀, kí wọ́n tó gbà kí n kó o dànù. Bàbá kò dúró rí i. Màmá ṣì wà, ara wọn sì le, wọ́n ṣì ń rìn dé oko.

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ kan ní àárín oṣù Kejì lọ́hùn-ún, half-term yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan kò pọ̀, àmọ́ ó tó ṣa agbálùmọ̀, owó ọkọ̀ òfurufú kì í sì í wọ́n nígbà náà tó ti Kérésì. Bí Bàbá Ìbejì kò bá ráyè, ìwọ kó wọn wá. Èmi ni n ó wá pàdé yín ní Èkó.

Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n gbọ́ ọjọ́ tí ẹ bá mú kí Kérésì tó dé, kí n lè wá ẹni tí yóò ro ìdí igi méjèèjì. Kí àwọn ọmọ mú bàtà òjò wọn dání o, àkekèé ṣì wà lábẹ́ ewé kòkó. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.