Ẹrù Kàbà, omi Lọ́kọ́ja

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí kànáàlì Suez àti Panama, àwọn odò tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́ kí ọkọ̀ omi lè gbà á kọjá. Ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ìtàn ọkọ̀ òkun Ever Given tó há sí Suez lọ́dún 2021 ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ ò dé ibi tó kan àwa tá à ń rin ọ̀nà Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀, tí tírélà bá rì sínú kòtò, tí gbogbo èrò á bọ́ sílẹ̀, tí ìyá ọlọ́jà á gbé agbada gààrí rẹ̀ kọjá lórí ẹrẹ̀.

Ẹrù tó gba omi kì í náni tó èyí tó gba ilẹ̀. Kí kànáàlì Bridgewater tó dé Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1760 sí 1769, èédú inú ilẹ̀ wọ́n níbẹ̀ bí ojú. Nígbà tí omi gbé e dé, iye rẹ̀ já sí ìdajì. Kò la oògùn lọ: ẹṣin tó ń fa ẹrù bíi tọ́ọ̀nù 2 lórí ilẹ̀ ń fa bíi 30 lórí omi. Ní Amẹ́ríkà, kànáàlì Erie, tí wọ́n ṣí ní 1825, já owó ẹrù láti Buffalo dé New York láti nǹkan bí 100 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan wá sí bíi 10.

Àwọn tó gbẹ́ Panama, ibà àti ibà pọ́njú pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. Àwa, Ọlọ́run ló bá wa gbẹ́ Odò Ọya. Lọ́dún 2009 ni ìjọba ní àwọn ó kó yanrìn inú rẹ̀ láti Baro dé Warri, wọ́n sì ṣí èbúté Baro ní 2019. Síbẹ̀, ẹ dé Lọ́kọ́ja lóṣù kẹrin, ẹ ó rí yanrìn tó yọ láàárín odò. Àsìkò káṣú sì nìyẹn! Tírélà ì bá gbé káṣú Ìsánlú dé Lọ́kọ́ja péré, kí báàjì, ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù, gbà á níbẹ̀.

Ìjọba á ní ẹ̀ẹ̀rùn ló fà á. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣe Panama náà ní 2023, wọ́n dín iye ọkọ̀ tó ń kọjá lójúmọ́ kù. Ṣùgbọ́n Suez, tí wọ́n ṣí láti 1869, wọn ò tíì yé kó yanrìn inú rẹ̀. Tiwa, a kó yanrìn rẹ̀, a patẹ́wọ́, a lọ sílé.

Ẹ bá wa bi àwọn aṣòfin wa ní Àbújá: èló ni wọ́n fi sí kíkó yanrìn odò lọ́dún yìí?

Òǹkàwé yín,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí