Ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ di akọ̀ròyìn eré ìdárayá, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè mí, tẹ́ ẹ̀ ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "Bàbá, mo fẹ́ máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀," mo gbọ́ yín, mi ò kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá yín lóhùn ni. Ẹ mọ iye tí wọ́n ra ẹni yìí, ẹ mọ ẹni tó gbá góòlù wọlé lọ́dún tí wọn ò tíì bí yín, ó dáa, inú mi ń dùn sí i, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ti rí iye góòlù lórí fóònù kẹ́ ẹ tó la ẹnu. Ohun tí fóònù ò lè sọ fún wọn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wọ jẹ́sì yẹn.

Mo wà ní sítédíọ̀mù Sùúrùlérè ní 12 August 1989, tá à ń bá Àǹgólà gbá, tí Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù wa, ṣubú lulẹ̀ tí ò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25, lọ́yà ni. Gbogbo ìwé ìròyìn ló kọ nípa ẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹwòran márùn-ún náà kú lọ́jọ́ yẹn torí èrò ti pọ̀ ju ibi tí wọ́n há wọn sí lọ, mo ti béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára.

Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, Super Falcons. 2004 wọ́n gba ife Áfíríkà ní South Africa, wọ́n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ò ní lọ àfi tówó àwọn bá wọlé. December 2016 wọ́n na Kamẹrúùnù 1-0 mọ́lé ní Yaoundé, Desire Oparanozie ló gbá a wọlé, wọ́n gbé ife dé Àbújá, owó ò sí, wọ́n tún jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ò jọ̀wọ́ ife náà, wọ́n wá gbé pátákó lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. 2019 níbi ife àgbáyé ní Faransé, lẹ́yìn tí Jámánì nà wọ́n, ìjókòó yẹn náà ni. Ọdún 15, ọ̀rọ̀ kan náà! Àwọn kan nínú wa sì jókòó sórí rédíò pé àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn owó jù, wọ́n ń dójú tì wá. Ó ń dùn mí dòní. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó ní kí wọ́n san owó òun, ojú ta ló tì? Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́jọ́ yẹn ò ju pé ta ló fọwọ́ sí àdéhùn, èló ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìgbà wo ló yẹ kó wọlé, ọwọ́ ta ló há sí.

Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ kà nípa ẹ̀ ni Craig Foster, ará Australia. Ó ti jẹ́ kápútẹ́nì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè ẹ̀ rí, ó wá bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n SBS, ó pẹ́ gan-an níbẹ̀ tó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù. November 2018, wọ́n mú Hakeem al-Araibi ní pápákọ̀ òfurufú Bangkok, òun àtìyàwó ẹ̀ tí wọ́n lọ gbádùn ìgbéyàwó wọn. Ọmọ Bahrain tó ti sá wá sí Australia ni, wọ́n sì ti gbà á síbẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré kan ní Melbourne ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, kò lókìkí kankan. Bahrain ní kí wọ́n dá a padà wá ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10 torí wọ́n ní ó wà lára àwọn tó ba àgọ́ ọlọ́pàá jẹ́, Hakeem ní bọ́ọ̀lù lòun ń gbá lọ́jọ́ yẹn, tẹlifíṣọ̀n gan-an ló gbé e. Foster wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wò ó lẹ́wọ̀n, ó kó ẹ̀bẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ bá FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ní Zurich, ó ń dárúkọ ọmọ náà láàárọ̀, ó ń dá a lálẹ́, débi pé nígbà tí wọ́n mú Hakeem wọ kóòtù láìwọ bàtà, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, ayé ti mọ̀ ọ́n. 11 February 2019 wọ́n tú u sílẹ̀. Makirofóònù tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ofúsáìdì náà ló ṣe iṣẹ́ yẹn o.

Ewu wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ahmed Hussein-Suale, akọ̀ròyìn ará Gánà, wà lára àwọn tó tú àṣírí rìbá nínú bọ́ọ̀lù Gánà ní 2018, olóṣèlú kan gbé fọ́tò ẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n, January 2019 wọ́n yìnbọn pa á ní Accra. Ẹ má dá nìkan rìn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ní ti ẹ̀gúnjẹ, àpòòwé tí wọ́n ń pè ní owó mọ́tò, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó jẹ dòdò ò lè sọ òdodo.

Èyí tó kù ṣòro fún mi láti sọ. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń sáré ìdíje sọ fún mi pé kóòṣì òun ní àfi tóun bá bá a sùn kó tó fi orúkọ òun sílẹ̀ fún ìdíje. Mo kọ ọ́. Mi ò dárúkọ ẹ̀, mo rò pé mo gbọ́n, ṣùgbọ́n mo kọ orúkọ ìlú ẹ̀, mo kọ iye mítà tó ń sá, mo kọ ọdún tó gba fàdákà. Kó tó di ọjọ́ kejì gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Kóòṣì ò kúrò níbi iṣẹ́ o, ọmọ náà ló kúrò. Wọ́n yìn mí ní ọ́fíìsì, èmi náà ń yọ̀. Nígbà tí mo wá a délé wọn, ìyá ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bú mi, ó kàn ní "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ti kọ tiyín tán, ẹ jẹ́ káwa náà sinmi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé ìtàn ẹnikẹ́ni síta, ẹ kà á sí i létí. Ẹ bi í pé tí èyí bá jáde, ta ló máa dá a mọ̀, ibo lá sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tó bá ní kẹ́ ẹ yọ nǹkan kúrò, ẹ yọ ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ibi tó dùn jù nínú ìtàn ni. Tó bá sì ní òun ò ṣe mọ́, ẹ gbé e jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣì máa pè é láti kí i.

Mo ṣì wà n'Ìbàdàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún gbá bọ́ọ̀lù ní Adamásìngbà, ẹ má sáré tẹ̀ lé ẹni tó gbá góòlù wọlé, àwọn tó kù á ṣe ìyẹn. Ẹ lọ bá ẹni tí wọn ò fi wọlé rárá, ẹ bi í ìgbà tí wọ́n san owó fún un kẹ́yìn. Kẹ́ ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ mú un wá fún mi kẹ́ ẹ tó fi síta, ọjọ́ kí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ máa bá mi nílé.