Ẹ tún òfin núkílíà ṣe kẹ́ ẹ tó kọ́ ilé iṣẹ́ iná kankan sí Geregu

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ iná núkílíà tí ìjọba àpapọ̀ ti ń sọ bọ̀ látọjọ́ yìí, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ sí Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom, ni mo fẹ́ kọ lé lórí, torí gbogbo ìgbà tí grid bá ti ṣubú tí ìlú ṣókùnkùn, ẹnìkan á ṣáà bọ́ síta pé núkílíà ló máa yọ wá. Mi ò bá wọn jiyàn pé a nílò iná. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn ẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ, tí iná tó ń gba orí wáyà ìjọba kọjá kì í sábà ju nǹkan bí 5,000 megawatt lọ, ó yẹ kó wá nǹkan ṣe. Òfin ló ń jẹ mí lọ́kàn. Òfin tá a fẹ́ fi ṣọ́ iná yẹn ti gbó, kò sì lágbára tó.

Ẹ wò ó, Decree 46 ti 1976, ayé ológun, ló dá NAEC sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó yẹ kó mú agbára núkílíà wọ̀lú, 2006 ni àjọ ọ̀hún tó wá ta jí, ọgbọ̀n ọdún gbáko. Decree 19 ti 1995, lásìkò Abacha, ló dá NNRA tó ń mójú tó ààbò sílẹ̀, àwọn náà ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 2001. Látìgbà yẹn, X-ray, ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ, irinṣẹ́ àwọn elépo àti ríákítọ̀ (ẹ̀rọ tí agbára núkílíà ti ń jáde) kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì Zaria ni wọ́n ń fi òfin náà ṣọ́. Ríákítọ̀ yẹn, nǹkan bí 30 kilowatt péré ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́ báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún megawatt ni wọ́n ń sọ.

Mo mọ iṣẹ́ NNRA torí yàrá X-ray ni mo ti fi gbogbo ayé mi ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì. Tí wọ́n bá ti ní àwọn ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò, ṣe ni ọ̀gá wa á máa sáré kiri, wọ́n á wá báàjì tá a ń fi sáyà tó ń ka iye ìtànṣán tó wọ̀ wá lára, wọ́n á wo ilẹ̀kùn, wọ́n á wo ògiri, nǹkan tá a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún látọdún tó kọjá á di ṣíṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìbẹ̀rù yẹn ló dáàbò bò wá. Wọ́n lè ti ilé ìwòsàn pa, ọ̀gá wa sì mọ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ iná tí Ààrẹ fúnra ẹ̀ bá gé ríbọ́ọ̀nù ẹ̀, ta ló máa lọ tì í pa? Ààrẹ ló ń yan ọ̀gá NAEC tó fẹ́ kọ́ ọ, Ààrẹ náà ló ń yan ọ̀gá NNRA tó fẹ́ ṣọ́ ọ, owó tí àwọn méjèèjì ń ná, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì kan náà ló ti ń wá. Lọ́jọ́ tí NNRA tó ń ṣọ́ ọ bá ní "ẹ dúró, irin yìí ti sán," ta ló máa gbè é?

Japan ti rí irú ẹ̀. Kí omi òkun tó ya bo ilé iṣẹ́ iná núkílíà Fukushima ní 2011, abẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń polongo iná núkílíà ni àwọn tó ń ṣọ́ ọ wà, ìgbìmọ̀ tí àwọn aṣòfin wọn gbé kalẹ̀ sì sọ ní 2012 pé ọwọ́ èèyàn ló fa jàǹbá yẹn, pé àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà ti di ọ̀kan pẹ̀lú àwọn tó ni ín. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀. Amẹ́ríkà ti ya tiwọn sọ́tọ̀ láti 1975. Kódà Ghana ẹ̀gbẹ́ wa níbí, tí kò tíì ní ilé iṣẹ́ iná núkílíà, ó ti ṣe òfin tuntun ní 2015 tó yọ àwọn tó ń ṣọ́ ààbò kúrò lábẹ́ àwọn oníṣẹ́ núkílíà. Àwa ńkọ́? Àbá òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Nuclear Safety, Security and Safeguards Bill ti wà nílẹ̀ ọdún gorí ọdún, ìwé àdéhùn pẹ̀lú Rosatom, ilé iṣẹ́ núkílíà ìjọba Rọ́ṣíà, la wá ń sáré fọwọ́ sí, 2009, 2012, 2017. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú. Lábẹ́ òfin Japan, ilé iṣẹ́ tó ni ríákítọ̀ ló máa san gbogbo ẹ̀, kò níye tó máa dé kí wọ́n ní ó tó. TEPCO, ilé iṣẹ́ tó ni Fukushima, ti san ju tírílíọ̀nù yẹ́ǹ 10 lọ, ó ju 150,000 èèyàn lọ tó sá kúrò nílé, ìjọba sì ní láti yá ilé iṣẹ́ náà lówó kí wọ́n tó lè san án. Wàyí o, Geregu tí wọ́n yàn ní Kogi, etí odò Ọya ló wà, omi yẹn ló ń lọ sí Idah, Asaba àti Onitsha, àwọn èèyàn wa Okun sì wà ní ìpínlẹ̀ Kogi kan náà. Itu tí wọ́n yàn ní Akwa Ibom, etí odò lòun náà wà. Tó bá jẹ́ pé àwọn àlejò ló kọ́ ọ tí wọ́n sì ń darí ẹ̀, apẹja tí omi ẹ̀ bá bàjẹ́, kóòtù wo ló máa lọ, Lokoja ni àbí Moscow? Èló ni ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti fi sí báńkì tàbí íńṣọ́ránsì kó tó gba láísẹ́ǹsì? Ọdún mélòó ni ẹni tí jẹjẹrẹ yọ lára ẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún ní láti fi pẹjọ́? Inú òfin ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà, kó jẹ́ iye owó tó ṣe pàtó tí wọ́n á máa tún ṣe bí náírà bá ṣe ń já, kì í ṣe ìlérí mínísítà.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mò ń dẹ́rù bani. Ní December 2002, èròjà onítànṣán olóró tí àwọn elépo fi ń wo inú kànga epo sọ nù láàárín Warri sí Port Harcourt. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó rí i, Jámánì ni wọ́n sì ti rí i, láàárín irin àlòkù! Nǹkan tó kéré bẹ́ẹ̀ o. Ìdọ̀tí ríákítọ̀ ńlá ńkọ́, tó lè ṣe èèyàn léṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ibo la fẹ́ kó o sí, ta lá máa sanwó ìṣọ́ ẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ náà bá ti kógbá wọlé? Koko ti 1988, ìlú kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró wá dà sí láti Ítálì, àwa kan ò tíì gbàgbé.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn aṣòfin ni pé kí wọ́n gbé àbá òfin yẹn jáde, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé Ààrẹ ò lè dá yọ ọ̀gá NNRA láìjẹ́ pé ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i, kí owó àjọ náà máa wá látara láísẹ́ǹsì àti àkànṣe owó tí mínísítà kankan ò lè dá dúró, kí gbogbo ripọ́ọ̀tì àyẹ̀wò wọn di ohun tí ará ìlú lè kà. Kí wọ́n sì lọ ṣe ìjókòó ìtagbangba ẹ̀ ní Geregu àti Itu gan-an, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè Ebira àti Ibibio, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì l'Abuja.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ bá àwọn sẹ́nétọ̀ wa, kó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ti ka àbá òfin yìí, kẹ́ ẹ sì gbé ìdáhùn wọn jáde pẹ̀lú orúkọ.

Emi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ X-ray tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn