Ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ máa sun ní Portland

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Àwọn ará Portland, erékùṣù kékeré ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti pariwo títí pé àwọn ò fẹ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa sun ìdọ̀tí fi ṣe iná mànàmáná ní èbúté wọn. Ìgbìmọ̀ Dorset, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣàkóso ibẹ̀, gbọ́ tiwọn, ó kọ̀ ọ́ lóṣù Kẹta 2023. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2024, ìjọba láti London fọwọ́ sí i. Kí wá ni ìwúlò ìgbìmọ̀?

Ọ̀nà mọ́tò kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó bá kó ìdọ̀tí gba orí ilẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò gbà, tòun ti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ẹsẹ̀ òkè ni èbúté wà. Òkè Verne ga ju ọ̀pá èéfín ilé-iṣẹ́ náà lọ dáadáa, ọgbà ẹ̀wọ̀n sì wà lórí rẹ̀. (Ẹlẹ́wọ̀n ò kúkú lè kó ẹrù sá fún èéfín.)

Àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ náà ní ọkọ̀ ojú omi tó bá gúnlẹ̀ yóò rí iná lò. Ó dáa. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni kò séwu, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò sórí òkè yẹn, kí aráàlú máa rí èsì rẹ̀ lójoojúmọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Yorùbá kan ní Weymouth