Ẹ yé kun sàréè àwọn tíṣà Sàró ní ọ̀dà

Sí Olóòtú,

Wọ́n tún ti kun sàréè o! Nítorí àlejò tó ń bọ̀, àwọn tí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan l'Abẹ́òkúta wà níkàáwọ́ wọn ti fi ọ̀dà funfun bo òkúta orí sàréè àwọn tíṣà Sàró, ìyẹn àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n sì ti Sàró (Sierra Leone) padà wálé. Bí orúkọ ṣe parẹ́ nìyẹn.

Gbogbo wa la mọ Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Bíṣọ́ọ̀bù là ń pè é, ṣùgbọ́n tíṣà ló kọ́kọ́ jẹ́. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, lẹ́yìn náà ló ń kọ́ àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú bíi tirẹ̀ ní Sàró. Ní 1846 ló dé Abẹ́òkúta, tó sì rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Tirẹ̀ wà nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ tíṣà tó gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wálé kò ní ìwé kankan ju òkúta orí sàréè wọn lọ. Òun náà ni àwọn aláṣẹ ń kùn yìí!

Ọ̀dà máa ń dí ojú lẹ́tà gbígbẹ́. Omi tó ń ti inú ilẹ̀ fà gòkè sínú òkúta kò sì ní ríbi jáde mọ́. Tó bá yá, ojú òkúta á máa bó, lẹ́tà á bá a lọ. Bí ẹnì kan bá ní ásíìdì lòun ó fi fọ̀ ọ́, ìyẹn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìfófòó tí ẹ ń rí lójú mábù yẹn, mábù gan-an ló ń yọ́.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n da orúkọ wọ̀nyí kọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òkúta. Ẹni méjì tó o. Kí wọ́n lọ nírọ̀lẹ́, kí ọ̀kan tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ òkúta, kó má tàn án síwájú rẹ̀; òjìji á bọ́ sínú lẹ́tà, èyí tó ti ń pa rẹ́ á hàn. Kí ẹnì kejì ya fọ́tò, kó sì dà á kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láìtún sípẹ́lì ṣe. Bí wọ́n bá kọ “Abbeokuta” bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà, kó wà bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá ṣeé kà, kó fi àyè sílẹ̀, kó má ṣe méfò rárá. Kí ẹ̀dà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí òmíràn wà nílé ìwé.

Bó bá di fífọ̀, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi ìdọ̀tí má baà fi ilà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ti kùn, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá agolo ọ̀dà tó ṣẹ́kù padà sí ṣọ́ọ̀bù. Sàréè mìíràn ṣì wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ṣì ṣeé kà.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta