Sí Àkànní, lórí ìṣẹ́jú 4

Àkànní ọmọ mi,

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo bá lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ sínú báàgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rẹ. Mo rí ojú rẹ nínú ọkọ̀ lálẹ́ àná. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, ẹkún lo máa fi dá mi lóhùn, ni mo ṣe dákẹ́ títí a fi délé.

Ìṣẹ́jú 4 péré ni wọ́n fi ọ́ gbá nínú eré oníṣẹ́jú 32. Mi ò ní tàn ọ́ pé kò já mọ́ nǹkan. Àwọn kóòṣì yunifásítì kì í mú ọmọ tí wọn ò rí. Fídíò eré ni wọ́n ń wò, ẹni tó bá sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ló fẹ́ fi ránṣẹ́? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí o lọ sí kíláàbù olórúkọ ńlá tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wí nígbà ọlidé gígùn. Àwọn mẹ́ta tó ga jù ọ́ lọ ló ti wà ní ipò rẹ níbẹ̀. Kíláàbù kékeré tó wà nítòsí wa máa jẹ́ kí o gbá eré parí, kí o ṣe àṣìṣe, kí wọ́n má sì tìtorí ẹ̀ yọ ọ́.

Ohun kan wà tí o ò rí lánàá. Ọkùnrin tó jókòó níwájú mi wọ aṣọ tí orúkọ yunifásítì kan wà láyà rẹ̀, ó mú ìwé pélébé lọ́wọ́. Nígbà tí o fi àyà lulẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ kàn án léjìká, kí n ní ọmọ mi nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n wá yọ ọ́, o ò bọ ẹni tó wọlé lọ́wọ́. O ta ìgò omi nípàá, o fi táwẹ̀lì borí. Ọkùnrin náà wò ọ́ títí. Ó tún kọ nǹkan.

Hakeem Ọlájùwọ́n tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri rẹ, ọmọ Èkó ni. Ó dé University of Houston ní 1980, kò sì gbá eré kankan lọ́dún yẹn. Lọ́dún kejì, bí ìṣẹ́jú 18 nínú 40 ló ń rí. Ó lọ bi àwọn kóòṣì rẹ̀ léèrè ohun tó yẹ kóun ṣe kí àyè òun lè pọ̀ sí i. Wọ́n ní kó lọ máa bá Moses Malone gbá bọ́ọ̀lù ní Fonde, gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan níbí ní Houston, Moses tó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún 1982 ní NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ó lọ. Nígbà tó di 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú wọ NBA.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o lọ bi kóòṣì rẹ. Dádì rẹ ní àwọn máa lọ bá wọn jà, mo ti bẹ̀ wọ́n. Má bi kóòṣì rẹ pé kí ló dé tí wọn ò lò ọ́. Bi wọ́n pé kí lo máa ṣe tí wọ́n á fi lè fọkàn tán ọ nígbà tí eré bá le. Mú bírò dání.

Ìwé rẹ náà ńkọ́? Kọ́ọ̀sì 16 ti ilé ìwé gíga girama ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ń kà fún Division I, ìpele tó ga jù, GPA wọn, ìyẹn àròpín máàkì, ò sì gbọdọ̀ dín sí 2.3. Kẹ́místìrì yẹn ń kó mi láyà sókè ju bẹ́ǹṣì lọ.

Ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ wà nínú fíríìjì. Lọ́jọ́ Ajé, kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, ni kí o lọ rí kóòṣì rẹ. Èmi ni mo máa gbé ọ lọ, àmọ́ mi ò ní bá ọ wọlé. Inú ọkọ̀ ni wàá ti bá mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.