Ẹ̀yin tíṣà kékeré tó fẹ́ lọ kọ́ni nílẹ̀ òkèèrè, ẹ gbọ́ tèmi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àdúgbò wa níbí ní Èbúté Mẹ́ta ló ń wá bá mi pé Mummy, a fẹ́ gba fọ́ọ̀mù TAC (Technical Aid Corps, ètò tí ìjọba Nàìjíríà fi ń rán ọmọ wa lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè), ẹ sọ bó ṣe rí fún wa, torí wọ́n gbọ́ pé mo kọ́ni ní Nàmíbíà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira. Ọ̀rọ̀ tí mò ń tún sọ lójoojúmọ́ ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo yín kà á.

TAC yìí, ọdún 1987 nìjọba wa dá a sílẹ̀, ọdún méjì lẹ máa fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n bá rán yín lọ, ẹ ò sì ní dolówó níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé jàpá ló wà lọ́kàn ẹ̀, kó wá ọ̀nà míì o jàre, kó má lọ gbàyè ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ẹ má rò pé ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira ò ní tíṣà. Wọ́n ní, wọ́n kàn ti da nǹkan rú mọ́ wọn lọ́wọ́ ni. March 21, 1990 ni Nàmíbíà gbòmìnira lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà, àwọn Gúúsù Áfíríkà yẹn ti pín ètò ẹ̀kọ́ Nàmíbíà sọ́nà 11, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, ti òyìnbó ló lówó jù, Afrikaans, èdè àwọn òyìnbó Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, ìjọba tuntun wá ní Gẹ̀ẹ́sì ni báyìí. Tíṣà tó ti ń fi Afrikaans kọ́ ìṣirò látọjọ́ tó ti pẹ́, ó di kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì tóun náà ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ kọ́ ọ, lójú ọmọ tí wọ́n gbé sá ogun òmìnira lọ sí Àǹgólà tàbí Zambia, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ú lọ!

Ẹ̀yin ọmọ Èkó á wá wọlé, Gẹ̀ẹ́sì já gaara lẹ́nu yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tíṣà yẹn. Ẹ jókòó tì í, ẹ jọ ṣe lésìn nóòtì, kó kọ́ wọn fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá máa tún Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ṣe, ó di ẹ̀yìn kíláàsì. Obìnrin kan témi ẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ nítòsí Oshakati ní àríwá Nàmíbíà, ẹ̀yìn páálí ṣúgà ló máa ń kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ lò lọ́jọ́ náà sí, á há a sínú rẹ́jísítà tí wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ, tó bá ti gbàgbé á ṣe bí ẹni ń wá orúkọ ọmọ kan níbẹ̀. Àmọ́ òun ló mọ ọmọ tí bàbá ẹ̀ kú sógun, òun ló mọ èyí tó rìn wá látàárọ̀ láìjẹun. Èmi mọ kí ni?

Àwa náà ti gbàlejò irú yín rí. 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira tiwa, Peace Corps, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń rán ọmọ wọn lọ ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ nílẹ̀ òkèèrè, kó àwọn ọ̀dọ́ wá kọ́ wa. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kọ káàdì sílé láti Ìbàdàn, pé ìta gbangba làwa ọmọ Nàìjíríà ti ń gbé tá a ti ń dáná, káàdì bọ́ nù, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì rí i, wọ́n dà á kọ pín kiri, wọ́n ṣèwọ́de, ó di kó padà sílé. Èmi ò tiẹ̀ dá a lẹ́bi tán, ta ni kì í ráhùn sílé, ẹni tó bá dé Ìdúmọ̀tà nígbà àkọ́kọ́ á kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n káàdì kan péré nìyẹn o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní WhatsApp status ńkọ́? Ẹ má ya fọ́tò ọmọ tí ò wọ bàtà kẹ́ ẹ fi gba like.

Ẹ kó súwẹ́tà dání, òru June sí July níbẹ̀ kì í ṣe ti Ọ̀yìngbò. Ẹ jẹ oshifima wọn, jéró ni wọ́n fi ń rò ó, ẹni tó mọ ọ̀kà jẹ ò ní yọnu. Ẹ kí wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó béèrè nǹkan, wọ́n fẹ́ràn ìkíni bíi tiwa, ìkánjú Èkó yẹn, ẹ fi sílé.

Tẹ́ ẹ bá ti kún fọ́ọ̀mù tán, ẹ mú un wá ní Sunday kí n bá yín wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má wá láago mẹ́rin, mo máa ń sùn.